Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìlú Ọba: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Rin Ìrìn Àjò Jíjìn fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Àwọn òbí wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ a máa fi ọ̀pọ̀ oṣù wá owó ilé ẹ̀kọ́ àti físà, ṣùgbọ́n alẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi múra ìrìn àjò fúnra rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilé á kún, àwọn kan á máa gbàdúrà, àwọn kan á máa di gáàrí àti èlùbọ́ sínú báàgì, ọmọ tó ń lọ kò sì ní í mọ ibi tí ó fi lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ̀ sí mọ́. Bí èmi náà ṣe kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn. Nígbà tí mo dé iwájú aṣọ́bodè ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó béèrè lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ mi, mo sì ní láti sọ fún un pé inú àpótí ńlá ni mo kó o sí, àpótí tí ó ṣì ń yí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó ẹrù lé, ní ẹ̀yìn ibi tí òun jókòó sí gan-an. Ó ní kí n lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn tí a jọ wọkọ̀ fi lọ tán, kí wọ́n tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé yàrá tí o máa sùn, bodè púpọ̀ ni o máa là kọjá, ẹni tó bá sì dúró sí bodè kọ̀ọ̀kan á béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe àìní ìdáhùn ló sábà máa ń kó ọmọ wa sí wàhálà. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n kò sí ní àrọ́wọ́tó ní ìṣẹ́jú tí wọ́n béèrè rẹ̀. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, bí a ṣe ń mú ìdáhùn sún mọ́ ọwọ́ ni.

Ìlú Ọba ni mo mọ̀ dunjú, nítorí náà òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń lọ sí ibòmíràn lè tẹ̀lé ètò náà kí ó sì fi ìwé tiwọn dípò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé I-20, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ wọn fi ń jẹ́rìí pé wọ́n ti gbà ọ́, ni wọ́n máa béèrè, wọn kì í sì í gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé bí ó bá ku ohun tó ju 30 ọjọ́ lọ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ, owó àti àyẹ̀wò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ ni kí o kọ́kọ́ wò. Tẹ́ gbogbo ìwé rẹ sórí tábìlì: ìwé ìrìnnà, NIN, ìwé ẹ̀rí WAEC, ìwé ìbí, lẹ́tà ìgbaniwọlé, àti ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́ bí ó bá jẹ́ pé oyè kejì ni o ń lọ gbà. Ka orúkọ rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Orúkọ Ìjẹ̀bú a máa gùn, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà a sì máa tẹ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí ìwé kan bá gbé Onafowokan, tí èkejì sì gbé Onafuwokan, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni lójú ẹni tó ń wo físà. Ìwé ìrìnnà ni kí gbogbo ìwé yòókù bá mu. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ orúkọ rẹ lọ́nà mìíràn, kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tún un ṣe kí o tó béèrè físà. Bí àṣìṣe náà bá wà nínú ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọn kò ní í rí i. Oríṣi ìwé ìrìnnà méjì ni Nàìjíríà ń ṣe, olójú ewé 32 tí ó máa ń lo ọdún 5 àti olójú ewé 64 tí ó máa ń lo ọdún 10, èyí tó ń lo ọdún 10 ni mo sì gbà níyànjú fún ẹni tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ń lọ gbé Ìlú Ọba fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ níbi tí ìjọba wọn fọwọ́ sí. Wọ́n á ya àwòrán àyà rẹ, wọ́n á sì fún ọ ní ìwé ẹ̀rí tí oṣù mẹ́fà péré ni agbára rẹ̀. Nítorí náà má ṣe é nígbà tí o kò tíì mọ ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ máa fi nọ́ńbà CAS ránṣẹ́ sí ọ, ìyẹn nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà ọ́, tí o máa fi béèrè físà.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá àwọn òbí sọ. Yàtọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣẹ́kù, ìjọba Ìlú Ọba fẹ́ rí owó tí ọmọ náà máa fi jẹun, tí ó máa fi gbé ilé, fún oṣù mẹ́sàn-án ó pẹ́ jù, owó náà sì gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún 28 ọjọ́ gbáko láìdín kọ́bọ̀ kan sí iye tí wọ́n là sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ nínú rẹ̀ fi ra ọjà ní ọjọ́ kejìdínlógún, tí ẹ sì dá a padà ní ọjọ́ kejì, ìkà náà ti bàjẹ́, ẹ máa tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo mọ ìyá kan tó kó àjọ, tó sì sọ ọ́ sínú àkáǹtì ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó béèrè físà. Owó pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò pé, wọn kò sì fún ọmọ náà. Owó ìtọ́jú ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú, £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n máa gbà á fún gbogbo ọdún tí físà náà kárí. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fẹ́ san láti báǹkì ní Nàìjíríà, Fọ́ọ̀mù A, èyí tí a fi ń béèrè owó ilẹ̀ òkèèrè ní báǹkì, ni ẹ máa lò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe parí lọ́jọ́ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun lè bá yín san owó ilé ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀dínwó, ẹ sá fún un. Káàdì olè ni irú wọn sábà máa ń lò, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá sì dá owó náà padà, ọmọ yín ni wọ́n máa pè.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà Ìlú Ọba wà báyìí, nínú àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní UKVI, orúkọ ẹ̀ka ìjọba wọn tó ń rí sí físà. Ṣí àkáǹtì náà nígbà tí o ṣì wà nílé, so ó mọ́ ìwé ìrìnnà rẹ, kí o sì wo ọjọ́ tí físà náà bẹ̀rẹ̀, nítorí o kò gbọdọ̀ débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan. Tẹ ojú ewé náà sórí ìwé. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lè kú.

Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọkọ̀ òfúrufú tó bá gba Èkó lọ tààrà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù máa ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Èyí tó bá yà sí ìlú mìíràn sábà máa ń dínwó, mo sì mọ bí owó ṣe rí nílé wa, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí, bí agbára bá ká a, ẹ ra èyí tó ń lọ tààrà. Bí yóò bá yà, ẹ rí i dájú pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé e láti Èkó débẹ̀, kí ẹrù lè bá a dé òpin ìrìn àjò, kí àlàfo àárín ọkọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì má sì dín ní wákàtí méjì. Ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ físà ìkọjá. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ wọn kódà bí ó bá jẹ́ pé inú pápákọ̀ òfúrufú nìkan ni ó máa dúró sí kí ó tó wọ ọkọ̀ kejì. Ẹ má ṣe sanwó kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà tó dáhùn ìbéèrè yìí fún yín.

Wo wákàtí tí ọkọ̀ máa balẹ̀ pẹ̀lú. Àárọ̀ ló dára jù fún àlejò. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún máa ń yan ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n á fi wá pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní pápákọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ibi. Jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà.

Àpò tí kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ

Ra àpò kékeré kan tí a máa ń gbé kọ́ èjìká kí ó sì já sí àyà, tí ó ní síìpù, tí ìwé ńlá sì lè wọ̀ láìká a. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, má gbàgbé àpò yìí. Bí o bá fẹ́ jẹun, ó wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá wọ ilé ìyàgbẹ́, ó wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá sùn nínú ọkọ̀, abẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí ó wà, má gbé e sókè pẹ̀lú ẹrù àwọn ẹlòmíràn.

Bí o ṣe máa là bodè kọjá ni kí o ṣe to ohun inú rẹ̀. Iwájú ni ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì tí o tẹ̀ sórí ìwé máa wà, nítorí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ní Ìkejà, pẹ̀lú yẹ́lò káàdì tó ń jẹ́rìí pé o ti gba àjẹsára ibà pọ́njú. Àjẹsára náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó di ohun tí wọ́n ń kà sí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wúlò títí ayé. Lẹ́yìn èyí ni ìwé tí aṣọ́bodè lókè òkun lè béèrè: lẹ́tà ìgbaniwọlé, ìwé CAS, ojú ewé físà tí o tẹ̀, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́, ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìwé báǹkì, àti lẹ́tà ilé tí o máa gbé, èyí tí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ hàn ketekete. Ẹ̀yìn pátápátá ni ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ máa wà, nítorí ilé ẹ̀kọ́ á fẹ́ rí wọn ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà fún ọ bí àpótí bá sọnù.

Fi ìwé pélébé kan sí i tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí: ti òbí rẹ, ti ilé ẹ̀kọ́, ti ẹni tó máa pàdé rẹ. Lónìí kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lórí mọ́. Fi owó pọ́n-ùn díẹ̀ sí i, olójú 10 àti 20, kì í ṣe owó ńlá kan ṣoṣo. Bí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ bá tó £10,000, dandan ni kí o sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, Nàìjíríà náà sì ní òfin bẹ́ẹ̀ fún dọ́là 10,000, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi gbé irú owó bẹ́ẹ̀ kiri.

Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà lọ́nà mẹ́ta: ọ̀kan nínú àpótí ńlá, ọ̀kan lọ́wọ́ òbí rẹ nílé, ọ̀kan nínú ímeèlì rẹ.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ mélòó kan, jókòó sí tábìlì, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ jókòó sí òdì kejì bí aṣọ́bodè, kí ó béèrè pé: “Níbo lò ń lọ? Kí lo fẹ́ kọ́? Ọdún mélòó ni? Ta ló ń sanwó rẹ̀? Níbo lo máa gbé?” Dáhùn, kí o sì fa ìwé tó jẹ́rìí sí ìdáhùn náà yọ láìtú àpò kalẹ̀. Ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ọ̀nà ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe eré yìí pẹ̀lú ọmọ púpọ̀ ní pálọ̀ mi, mo sì rí i pé ní ìgbà kẹta ni ẹ̀rù máa ń kúrò lójú wọn.

Ẹrù, oúnjẹ, àti ohun tí wọ́n bá ní kí o bá àwọn mú

Ka iye kílò tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ gbà. 23 kílò fún àpótí kan ló wọ́pọ̀. Ra òṣùwọ̀n kékeré tí a ń fi ọwọ́ gbé kọ́, wọn àpótí rẹ nílé, kí o sì fi í sí 22. Ẹni tí kò wọn ẹrù nílé ni o máa rí ní Ìkejà tó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, tó ń tú bùbá àti bàtà síta lójú gbogbo èrò.

Mo mọ̀ pé gáàrí máa lọ. Gáàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó wẹ́, tó sì gbẹ, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún ọmọ tó bá padà dé yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ebi ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ṣùgbọ́n kílò mẹ́ta tó. Dì í sínú ọ̀rá méjì, èkejì nínú èkínní, kí o sì fi aṣọ wé e, nítorí bí ọ̀rá bá bẹ́ nínú àpótí, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wàá fi máa gbọn gáàrí kúrò nínú ìwé rẹ. Èlùbọ́, ata gígún àti ẹ̀gúsí lè lọ bákan náà. Ẹran ni kò gbọdọ̀ lọ rárá: sùyà, kìlíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran díndín tí màmá fi gbogbo òru dín. Òfin Ìlú Ọba kò gba ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti ilẹ̀ wa wọlé, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì dà á nù. Ewùrà tútù tí o fẹ́ fi ṣe ìkọ́kọrẹ́ náà, fi sílẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tútù ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ tí a kì í rí gbà ní wàràwàrà. Nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ bá ń wù ọ́ gan-an, àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń ta ohun ọbẹ̀ àti iṣu ilẹ̀ wa.

Oògùn tí o bá ń lò, jẹ́ kí ó wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà tó gbé orúkọ rẹ. Batiri tí a fi ń gba iná sí fóònù, àpò ọwọ́ ni kí o fi í sí, kì í wọ inú àpótí ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹrù ẹlẹ́rù. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo máa lọ, ẹ̀gbọ́n màmá mi gbé páálí kan wá tí wọ́n ti fi téèpù dì yíká, wọ́n ní kí n bá àwọn mú un fún ọmọ àwọn tó wà ní Manchester, pé èlùbọ́ lásán ni. Màmá mi kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, sísì mi. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u, kí ọmọ yìí lè mọ ohun tó máa sọ bí wọ́n bá bi í.” Ojú sísì wọn yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ la téèpù. Èlùbọ́ wà lókè lóòótọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ìgò àgbo dúdú kan wà, àti ọ̀rá kékeré kan tí oògùn oníkóró funfun kún inú rẹ̀, tí kò ní orúkọ kankan lára. Wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ wọn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá mi yọ ìgò àti ọ̀rá náà, wọ́n dá wọn padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì di èlùbọ́ náà sínú ọ̀rá tiwa. Sísì wọn dúró tì wá títí ọkọ̀ fi gbéra, àárín wọn kò sì bàjẹ́.

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni kí ìwọ àti òbí rẹ fi gba ẹrù ẹlẹ́rù, ì báà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀, áfáà tàbí mọ̀lẹ́bí. Ohun tí o kò bá fojú ara rẹ rí nígbà tí wọ́n ń dì í kò gbọdọ̀ bá ọ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA máa yẹ ẹrù wò ní Èkó, orúkọ tó bá sì wà lára àpótí ni ó máa jẹ́jọ́ ohun tí wọ́n bá bá nínú rẹ̀.

Ọ̀nà Ìkejà

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ awakọ̀ á jáde sí Ṣàgámù, wọ́n á bọ́ sórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n á gba Mowe àti Ibafo dé Berger. Bí ọ̀nà bá dára, wákàtí méjì tàbí kí ó lé díẹ̀ ni. Má ṣe fi èyí ṣírò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn a máa gba ìdajì ọjọ́, pàápàá ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń rọ́ lọ sí ìsìn ní Redemption City. Bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ bá bọ́ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tètè kúrò nílé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tàbí kí awakọ̀ yín mọ ọ̀nà Ògijo sí Ìkòròdú, tàbí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ kẹta Iléyá pẹ̀lú, ọjọ́ Ojúde Ọba, tí Ìjẹ̀bú-Òde kì í ní àyè fún ọkọ̀ tó ń sáré.

Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ọmọ náà sùn sí Èkó mọ́jú ọjọ́ ìrìn àjò, lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ìkejà. Bọ́ọ̀sì ìdágbére tó kún fún ẹbí mẹ́rìnlá kò pọn dandan. Ẹni méjì tó.

Nínú pápákọ̀ Murtala Muhammed

Dé ibẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ dágbére síta, kí ẹ gbàdúrà yín níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń rìnrìn àjò nìkan ló máa lọ sí iwájú. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ni kí o kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá so bébà mọ́ àpótí rẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o kà á: LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick, MAN ni Manchester. Bí lẹ́tà tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti ìlú tí o kàn fẹ́ yà sí, béèrè lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní ìwé ìwọkọ̀ pẹ̀lú bébà kékeré tó gbé nọ́ńbà ẹrù rẹ; tọ́jú bébà yẹn, òun ni ẹ̀rí rẹ bí àpótí kò bá dé.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aṣọ́bodè wa, tí wọ́n máa tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé ìrìnnà rẹ, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tí ń yẹ àpò ọwọ́ wò. Omi, ìpara tàbí òróró tó bá ju mìlílítà 100 lọ kò lè kọjá nínú àpò ọwọ́, nítorí náà ìgò òróró àdúrà ńlá, inú àpótí ni kí ó ti wà. Nígbà tí o bá kọjá tán, wá nọ́ńbà géètì rẹ kí o tó wá oúnjẹ, kí o sì jókòó sí ibi tí o ti lè rí i.

Nínú ọkọ̀, mu omi, dìde rìn díẹ̀, jẹ súwíìtì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè tàbí tó ń balẹ̀ kí etí má baà dùn ọ́. Mú súwẹ́tà dání.

Iwájú aṣọ́bodè wọn

Tẹ̀lé àwọn èrò àti àkọlé tó ń tọ́ka sí bodè. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn fúnra wọn kì í ṣe fún ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ìlà tó ń lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ni tìrẹ. Ìlà náà lè gùn. Má ṣe jẹ́ kí ó dààmú rẹ.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún àwọn ọmọ wa. Nílé wa, ọmọ tó bá ń wo àgbàlagbà lójú korokoro nígbà tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, nítorí náà a máa ń wolẹ̀, a sì máa ń rọ ohùn sílẹ̀. Níwájú aṣọ́bodè Ìlú Ọba, ẹni tó bá wolẹ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jọ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Gbé ojú sókè, wo ojú rẹ̀, kí o kí i, kí o sọ̀rọ̀ sókè tó kí ó lè gbọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni kí o dáhùn, má fi kún un. Bí ó bá béèrè ohun tí o fẹ́ kọ́, sọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà àti ilé ẹ̀kọ́ náà, ó parí. Bí ó bá béèrè ẹni tó ń sanwó, tí ó sì jẹ́ bàbá rẹ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni wọ́n jọ dá a, sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ pé bàbá rẹ nìkan nítorí pé ó rọrùn láti sọ, nígbà tí ìwé báǹkì ń sọ ohun mìíràn. Bí o kò bá gbọ́ ohun tí ó sọ, ní kí ó tún un sọ. Ohùn wọn yàtọ̀ sí èyí tí a ń gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Bí ó bá ní kí o lọ jókòó, lọ jókòó. Má sunkún, má bẹ̀bẹ̀. Àpò rẹ wà lọ́rùn rẹ, nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Má san owó yàrá tí o rí lórí fóònù nìkan fún ẹnikẹ́ni kí o tó kúrò nílé. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì fọwọ́ sí ni kí o kọ́kọ́ gbé, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá, nítorí bí o kò bá yọjú, òfin ní kí wọ́n sọ fún ìjọba. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní GP, nígbà tí ara rẹ ṣì le. 999 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, 111 sì ni ti àìsàn tí kò tó bẹ́ẹ̀. Nípa iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n á fi iṣẹ́ òru lọ̀ ọ́, owó rẹ̀ á sì wù ọ́, ṣùgbọ́n físà tí gbogbo ẹbí fi 28 ọjọ́ ṣọ́ ni o fi ń ta tẹ́tẹ́.

Má ra ẹ̀wù òtútù ní Nàìjíríà. Òtútù wọn kì í ṣe ọyẹ́ tiwa, aṣọ tí a sì ń tà níbí fún un kò ràn án. Súwẹ́tà méjì tó o wọ̀ léra máa gbé ọ dé ibi tí o ti máa ra ojúlówó. Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu jù òtútù lọ ni òkùnkùn. Ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹni tó bá sì dá wà nínú yàrá láti ìgbà náà títí di ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì. Wá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, wá ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, kí o sì jẹun pẹ̀lú èèyàn kí oṣù náà tó dé.

Fi àsìkò ìpè sílé sí ibì kan pàtó kí o tó lọ. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago Ìlú Ọba àti tiwa dọ́gba. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń dá tiwọn padà sẹ́yìn wákàtí kan, nítorí náà nígbà tí màmá rẹ bá jí ní aago márùn-ún ìdájí láti gbàdúrà, aago mẹ́rin ni lọ́dọ̀ rẹ, o ṣì ń sùn. Sọ èyí fún wọn kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí wọ́n má baà pè títí, kí o má gbé e, kí ọkàn wọn sì dàrú.